Iye bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n dìbò fún: ọ̀rọ̀ Rikers àti ọgbà ẹ̀wọ̀n mẹ́rin tí New York fẹ́ kọ́

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 2019, àwọn káńsẹ́lọ̀ ìlú New York jókòó láti dìbò lórí ọgbà ẹ̀wọ̀n mẹ́rin tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò Rikers, erékùṣù tí ẹ̀wọ̀n ìlú náà wà. Ìdìbò ò tíì parí tí ìwé fi bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti òkè, níbi tí àwọn ará ìlú máa ń jókòó sí. Ẹ má rò pé àwọn tó ń da ìwé sílẹ̀ yìí ń gbèjà Rikers o. Àwọn gan-an ló kórìíra Rikers jù lọ nínú ilé yẹn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí ìlú ti Rikers pa, kí ó má sì kọ́ òmíràn dípò rẹ̀: bí ẹ bá kọ́ ọ, ẹ ó wá ẹni tí ẹ ó kó kún un. Wọ́n kó wọn jáde. Ìdìbò ń bá a lọ. Káńsẹ́lọ̀ 36 ní bẹ́ẹ̀ ni, 13 ní rárá.

Ohun tí wọ́n fọwọ́ sí ni pé ní 2026, kò ní sí ẹlẹ́wọ̀n kankan ní Rikers mọ́. Ilé mẹ́rin tuntun yóò ti dìde, ọ̀kan ní Manhattan, ọ̀kan ní Brooklyn, ọ̀kan ní Queens, ọ̀kan ní Bronx. Owó rẹ̀ yóò jẹ́ bílíọ̀nù 8.7 dọ́là. 2026 ti dé bá wọn. Kò sí èyíkéyìí nínú àwọn ilé náà tó ti gba ẹlẹ́wọ̀n kan ṣoṣo, Rikers ṣì ń gba èèyàn lójoojúmọ́, owó náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

Ọ̀pọ̀ àlàyé ló wà nílẹ̀ nípa bó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní Covid ni. Àwọn kan ní mẹ́yọ̀ tó gba ipò lẹ́yìn náà ni kò fẹ́ràn rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ní òótọ́ nínú. Ní tèmi, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́ ti wà nínú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé ni gbogbo ayé rò pé wọ́n dìbò fún. Nọ́ńbà ni wọ́n dìbò fún, nọ́ńbà ọ̀hún kò sì sí níkàáwọ́ wọn.

Káńsù tó ní ọgbà ẹ̀wọ̀n

Ẹni tó dàgbà ní Nàìjíríà á kọ́kọ́ béèrè pé kí ló kan káńsù kan ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n. Ní ilẹ̀ wa, ìjọba àpapọ̀ nìkan ló ni ọgbà ẹ̀wọ̀n títí di 2023, nígbà tí wọ́n tún òfin ṣe kí ìpínlẹ̀ náà lè kọ́ tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ ní tirẹ̀, ìpínlẹ̀ ní tirẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ náà ní tirẹ̀. Ti ìjọba ìbílẹ̀ yìí ni ibi tí wọ́n ń kó ẹni tí ọlọ́pàá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ, tí yóò sì wà títí ẹjọ́ rẹ̀ yóò fi parí, bí kò bá rí béèlì san tàbí tí adájọ́ kò fún un. Ẹni tí wọ́n bá dá ẹ̀wọ̀n ọdún kan tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀ fún náà ń ṣe é níbẹ̀. Bí ẹ̀wọ̀n bá ti ju ọdún kan lọ, ìpínlẹ̀ ló ń gbà á.

Nítorí náà, bí ẹ bá ka èèyàn mẹ́wàá ní Rikers, ó ju mẹ́jọ lọ nínú wọn tí ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi ohunkóhun. Wọ́n ń dúró de ìdájọ́ ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn bọ́ lọ́kàn yín, nítorí gbogbo ìṣirò tó kù lórí rẹ̀ ló dúró.

Erékùṣù ni Rikers, nínú omi East River, láàárín Queens àti Bronx. Ní 1884 ni ìlú rà á ní $180,000. Kò tó eékà 100 nígbà náà. Pàǹtírí àti eérú ìlú ni wọ́n ń kó dà sí etí omi rẹ̀ títí ó fi ju eékà 400 lọ, ká sọ ọ́ bó ṣe rí, orí ààtàn ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ẹlẹ́wọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ibẹ̀ ní 1932. Afárá kan ṣoṣo ló so ó mọ́ ìlú, 1966 ni wọ́n ṣí afárá ọ̀hún. Ṣáájú ìgbà náà, ọkọ̀ ojú omi ni. Pápákọ̀ òfurufú LaGuardia wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bàálù ń gba orí wọn kọjá látàárọ̀ dalẹ́. Ìyá tó bá fẹ́ wo ọmọ rẹ̀ yóò wọ bọ́ọ̀sì gba orí afárá, wọn yóò tú ẹrù rẹ̀ wò, yóò tún wọ bọ́ọ̀sì mìíràn lórí erékùṣù, wọn yóò tún tú u wò. Ọjọ́ iṣẹ́ kan ti lọ nìyẹn. Ẹni tó ní ẹjọ́ ní Brooklyn láàárọ̀ yóò ti jí kí àkùkọ tó kọ, wọn yóò kó o sínú ọkọ̀, bí ọ̀nà bá sì dí, kò ní bá adájọ́. Ẹjọ́ tún di ọjọ́ mìíràn.

Ìlú ti gbìyànjú láti kúrò níbẹ̀ rí. Nígbà ayé Mẹ́yọ̀ Koch, ní nǹkan bí 1980, wọ́n fẹ́ fi Rikers háyà fún ìpínlẹ̀ kí wọ́n sì fi owó rẹ̀ kọ́ àwọn ilé kéékèèké káàkiri ìlú. Ó fọ́. Nígbà Mẹ́yọ̀ Bloomberg, Martin Horn tó jẹ́ ọ̀gá àwọn wọ́dà fẹ́ kọ́ ọ̀kan sí Bronx, kí ó sì fi kún ti Brooklyn. Àwọn ará àdúgbò dìde, ìyẹn náà fọ́. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ibẹ̀ kò dára. Kí wọ́n má ṣáà gbé e wá sí ìtòsí tiwa ni.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni ọmọ kan. Kalief Browder jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà tí ọlọ́pàá mú un ní Bronx ní 2010, wọ́n ní ó jí báàgì. Béèlì rẹ̀ jẹ́ $3,000, ẹbí rẹ̀ kò rí i san. Ọdún mẹ́ta ló lò ní Rikers, nǹkan bí ọdún méjì nínú rẹ̀ ló sì dá wà nínú yàrá tí wọ́n ń ti èèyàn mọ́ lóun nìkan. Lójoojúmọ́ tí wọ́n bá gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọ́n á sún un síwájú. Ní 2013 wọ́n da ẹjọ́ náà nù láì gbọ́ ọ. Ní oṣù Kẹfà 2015 ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ nílé wọn. Ẹni ọdún 22 ni.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Melissa Mark-Viverito, olórí káńsù nígbà náà, gbé ìgbìmọ̀ kan dìde, ó fi Jonathan Lippman ṣe olórí rẹ̀. Adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ New York ni Lippman jẹ́ kí ó tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí dá sílẹ̀ náà wà ní ìgboro, wọ́n ń wọ́de. Mẹ́yọ̀ de Blasio kò kọ́kọ́ gbà, ó ní owó rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2017, ọjọ́ díẹ̀ kí ìwé ìgbìmọ̀ Lippman tó jáde, ó kéde pé ìlú yóò ti Rikers pa láàárín ọdún mẹ́wàá.

Àdúgbò mẹ́rin, ẹnu kan

Ibi tí ìjà ti le nìyí, mo sì gbà pé ó yẹ ká rọra gbà á.

Ní New York, bí ìjọba bá fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe ohun ńlá, òfin ti la ọ̀nà tí yóò gbà. Yóò kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ àdúgbò, yóò dé ọ̀dọ̀ olórí ẹkùn, ìyẹn ọ̀kan nínú márùn-ún tí wọ́n pín ìlú sí, yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣètò ìlú, yóò wá dé káńsù. Oṣù díẹ̀ péré ni òfin fún gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìjọba de Blasio wá ṣe ohun tí kò wọ́pọ̀: ó di ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìwé kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹkùn karùn-ún, Staten Island, kò sí nínú rẹ̀ rárá. Wọ́n ní ẹlẹ́wọ̀n tó ti ibẹ̀ wá kéré. Àwọn ará ẹkùn tó kù kò jẹ́ gbàgbé ìyẹn.

Ìgbìmọ̀ àdúgbò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ pé àwọn kò fẹ́. Ìmọ̀ràn lásán ni ìbò tiwọn lábẹ́ òfin.

Àwọn tó ń gbé Mott Haven ní Bronx ni mo rò pé ẹjọ́ wọn dùn jù. Ibi tí ọlọ́pàá ń kó ọkọ̀ tí wọ́n bá wọ́ lọ sí ni ìlú fẹ́ kọ́ tiwọn sí. Ní Manhattan, Brooklyn àti Queens, ilé tuntun náà yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹjọ́, kí wọ́n má bàa máa fi bọ́ọ̀sì kó ẹlẹ́wọ̀n kiri mọ́. Ìyẹn sì ni ìdí pàtàkì tí wọ́n fi ní àwọn fẹ́ kúrò lórí erékùṣù. Ti Bronx nìkan ni kò sí lẹ́bàá ilé ẹjọ́. Ó wà ní ìrìn máìlì bíi méjì síbẹ̀. Àdúgbò tálákà ni, Bronx yìí kan náà ló sì ti ń gba ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n sọ di ẹ̀wọ̀n mọ́ra ní Hunts Point, èyí tó ní bẹ́ẹ̀dì 800. Wọ́n ní, ṣé àwọn nìkan ni ààtàn ìlú ni? Wọn kò rí ẹni dá wọn lóhùn dáadáa.

Ní Manhattan, Chinatown ni. Láti 1838 ni ẹ̀wọ̀n ti wà ládùúgbò yẹn. Orí adágún omi tí wọ́n dí ni wọ́n kọ́ àkọ́kọ́ sí, wọ́n ṣe ojú rẹ̀ bí ibojì àwọn ọba Íjíbítì, ibẹ̀ ni orúkọ Tombs, ìyẹn àwọn Ibojì, ti wá. Gbogbo ilé tí wọ́n kọ́ tẹ̀ lé e ló jogún orúkọ náà. Ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí ìlú fẹ́ fi ilé gíga kan kún un, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Chinatown ló tú jáde sí ìgboro. Ilé náà dìde ṣá, àdúgbò sì gba ilé ìgbé fún àwọn arúgbó wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bẹ̀. Ẹ wò ó bí ayé ṣe ń yí: àwọn arúgbó inú ilé ìpẹ̀tù yẹn ni eruku dé bá nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ẹ̀wọ̀n àtijọ́ láti kọ́ tuntun tó ga jù ú lọ.

Ti Queens àti Brooklyn kò gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ní Kew Gardens, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ibi tí wọn yóò gbé mọ́tò sí. Ní Brooklyn, ẹ̀wọ̀n ti wà ní Atlantic Avenue láti 1957, àwọn olówó sì ti ra ilé yí i ká. Gíga ilé ló ń dùn wọ́n.

Ṣùgbọ́n káńsù ní àṣà kan tí kò sí nínú òfin: bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá dé, káńsẹ́lọ̀ tó ni àdúgbò ni àwọn tó kù máa ń wò lójú. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni. Káńsẹ́lọ̀ 51 ló wà nínú ilé, àmọ́ èèyàn mẹ́rin péré ni mẹ́yọ̀ nílò: Margaret Chin, Stephen Levin, Karen Koslowitz àti Diana Ayala. Mẹ́ta nínú wọn ni òfin kò jẹ́ kí wọ́n lè díje padà mọ́. Òpin 2021 ni wọn yóò lọ sílé. Ẹni tí kò tún ní wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ yín, ìbínú yín ò lè jí i lóru. Mi ò sọ pé ohun tí wọ́n ṣe kò dára. Mo ń sọ pé ẹni tó yan àsìkò náà mọ ohun tó ń ṣe.

Àwọn mẹ́rin yìí ná an dáadáa. Ilé Manhattan tí wọ́n kọ́kọ́ ní yóò ga ní ẹsẹ̀ bàtà 450 wálẹ̀ sí 295. Ti Brooklyn, láti 395 sí 295. Ti Queens àti Bronx di 195. Wọ́n tún gba ìlérí $391 mílíọ̀nù fún ilé ìgbé, ibùdó àwọn ọ̀dọ́ àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀, títí kan $35 mílíọ̀nù fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ará Ṣáínà tó wà ní Manhattan. Inú Chinatown fúnra rẹ̀ pín sí méjì lórí owó yẹn. Wọ́n wọ́de lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, wọ́n ní ó ti gba owó ẹ̀wọ̀n.

886

Báwo ni ilé ṣe ń kúrú láìjẹ́ pé èèyàn inú rẹ̀ dín? Kò ṣeé ṣe. Ẹ tẹ̀ lé mi.

Nígbà tí ètò ìfọwọ́sí bẹ̀rẹ̀ ní 2019, ìwé ìjọba sọ pé ilé kọ̀ọ̀kan yóò ní bẹ́ẹ̀dì 1,437. Nígbà tó yá, wọ́n ní 1,150. Nígbà tí yóò fi kan ìdìbò, ó di 886. Ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 3,544, èyí tó túmọ̀ sí pé wọ́n ń ṣètò fún ẹlẹ́wọ̀n 3,300, kí díẹ̀ ṣẹ́ kù fún àyè. Lọ́jọ́ tí wọ́n dìbò, èèyàn bíi 7,000 ló wà lẹ́wọ̀n ìlú.

Lójú àwọn tó ń sọ pé bí ẹ bá kọ́ ọ yóò kún, àṣeyọrí ni gbogbo ìgbà tí nọ́ńbà náà bá já. Lójú àwọn aládùúgbò, bí bẹ́ẹ̀dì bá ti ń dín ni àjà ilé ń kúrò lókè. Lójú mẹ́yọ̀, ó jẹ́ àpẹẹrẹ pé ìlú ń yí padà. Kò sẹ́ni tó ní ìdí láti ní kí ó má lọ sílẹ̀ mọ́. Ibi tó sì ti wà tẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀ láti fi gbà gbọ́: ní 1991, ó lé ní 20,000 èèyàn tó wà lẹ́wọ̀n ìlú New York. Láti 20,000 sí 7,000 láì sí ogun, kí ló dé tí kò lè di 3,300?

Nígbà náà, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Albany ṣẹ̀ṣẹ̀ yí òfin béèlì padà. Láti oṣù Kìíní 2020, ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn kékeré kò ní gba béèlì owó mọ́. Ẹni náà yóò máa lọ sílé, yóò sì padà wá ṣẹjọ́. Ọmọ bíi Kalief kò ní sùn sẹ́wọ̀n nítorí $3,000. Lórí òfin yìí ni 3,300 dúró.

Ẹ wá wo ẹni tó mú òfin náà jáde. Albany ni. Ta ló ń pinnu béèlì ẹnì kọ̀ọ̀kan? Adájọ́. Ta ló ń fi ẹ̀sùn kan èèyàn? Agbẹjọ́rò ìjọba ti ẹkùn kọ̀ọ̀kan, àwọn ará ibẹ̀ ló sì ń dìbò yàn án. Ta ló ń sún ẹjọ́ títí ọdún fi ń gorí ọdún? Ilé ẹjọ́, tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Ọlọ́pàá nìkan ló wà lọ́wọ́ mẹ́yọ̀, òun náà lè yí padà bí mẹ́yọ̀ bá yí padà. Káńsù lè sọ iye bẹ́ẹ̀dì. Kò lè sọ iye ẹni tí yóò dùbúlẹ̀ sí i.

Ẹgbẹ́ àwọn wọ́dà sọ ìyẹn, wọ́n ní kí wọ́n tún Rikers ṣe. Nítorí pé àwọn ló sọ ọ́, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ àtúnṣe kò kà á sí. Wọ́n ní iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń gbèjà. Òótọ́ ni, iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń gbèjà. Àmọ́ ìbéèrè náà ò ní ìdáhùn síbẹ̀.

Owó

Ìlú kì í kó bílíọ̀nù mẹ́jọ jáde látinú àpò. Ó ń ta bọ́ǹdì ni, ìyẹn ni pé ó ń yá owó lọ́wọ́ àwọn olówó, yóò sì máa san án padà pẹ̀lú èlé fún ọ̀pọ̀ ọdún látinú owó orí. Nítorí náà, ọmọ tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi lọ́dún 2019 yóò ti máa san owó orí kí gbèsè náà tó tán. Lọ́dọ̀ wa nílé, bí ìjọba bá kọ́ nǹkan, ẹni tó gé ríbọ́ọ̀nù là ń béèrè. Níbẹ̀, ẹni tí yóò san èlé ni kí ẹ béèrè.

Ìdáhùn tí àwọn alátìlẹ́yìn fún ni pé Rikers fúnra rẹ̀ ń jẹ owó ju bọ́ǹdì lọ. Wọn kò parọ́. Ní 2021, ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ owó ìlú gbé iye tí ẹlẹ́wọ̀n kan ń ná ìlú jáde: $556,539 lọ́dún. Bí ẹ bá pín in, ó ju $1,500 lọ lójúmọ́. Owó yẹn tó láti gbé èèyàn sí òtẹ́ẹ̀lì tó dára jù ní Manhattan, kí wọ́n sì gba lọ́yà fún un kí ọjọ́ tó kanrí. Kì í ṣe oúnjẹ ló ń jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe aṣọ. Wọ́dà ni. Lọ́dún náà, wọ́dà pọ̀ ju ẹlẹ́wọ̀n lọ ní ìlú New York. Síbẹ̀, ní 2021 kan náà, ọ̀pọ̀ ibi ni kò ní wọ́dà rárá lórí erékùṣù, nítorí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló sọ pé ara àwọn kò yá tí wọn kò wá síbi iṣẹ́, ìwé àdéhùn wọn sì fún wọn láyè láti ṣàìsàn títí tó bá wù wọ́n kí owó wọn má sì dín.

Ètò náà ni pé tí ẹlẹ́wọ̀n bá di 3,300 nínú ilé tuntun tó rọrùn láti ṣọ́, wọ́dà yóò dín kù gan-an, owó tí yóò ṣẹ́ kù yóò sì san bọ́ǹdì. Ẹ rí i pé nọ́ńbà yẹn náà ni. Bí kò bá di 3,300, wọ́dà ò ní dín, gbèsè á sì tún wà lọ́rùn.

Àwọn agbaṣẹ́ṣe wá dé. Ti Brooklyn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Ọdún 2029 ni yóò parí. Ti Bronx, bílíọ̀nù 2.9, 2031. Ti Queens, bílíọ̀nù 3.9, 2031. Ti Manhattan, nǹkan bíi bílíọ̀nù 3.8, 2032. Bí wọ́n ṣe ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú wíwó ilé àtijọ́ àti àwọn nǹkan mìíràn, ó lé ní bílíọ̀nù 15. Irin wọ́n, èèyàn wọ́n, èlé lọ sókè. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó sì lè kọ́ ẹ̀wọ̀n alájà púpọ̀ láàárín ìlú kò pọ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló wá síbi tẹ́ńdà.

Lẹ́yìn ìbò

Oṣù márùn-ún péré lẹ́yìn tí wọ́n dìbò, Covid dé. Ohun tí kò sẹ́ni tó retí ṣẹlẹ̀: ní nǹkan bí oṣù Kẹrin 2020, adájọ́ àti agbẹjọ́rò ìjọba ń tú èèyàn sílẹ̀ kí àrùn má bàa pa wọ́n lẹ́wọ̀n, iye wọn sì já sí ìsàlẹ̀ 4,000. 3,300 fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọwọ́. Lásìkò yẹn, ẹni tó bá ní kò ṣeé ṣe, wọn yóò fi hàn án lójú páálí.

Kò pẹ́. Ilé ẹjọ́ ti dúró nítorí àrùn, àwọn tó wà nínú sì ń pẹ́ sí i. Ìpínlẹ̀ tún òfin béèlì tún ṣe, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń dá agbára padà fún adájọ́. Àwọn èèyàn ń pọ̀ sí i. Nígbà tó fi di 2025, a ti tún ń sọ̀rọ̀ nípa nǹkan bí 7,000, ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ gan-an lọ́jọ́ tí wọ́n dìbò.

Ìlú sì ti wó ilé tó ní. Wọ́n ti ẹ̀wọ̀n Manhattan àti ti Brooklyn pa ní 2020 láti lè wó wọn. Wọ́n fa ọkọ̀ ojú omi Hunts Point kúrò nídìí iṣẹ́ ní 2023. Nítorí náà, ẹni tí ì bá wà ní àwọn ibẹ̀ yẹn, Rikers ni wọ́n kó o lọ. Òfin tí wọ́n ṣe láti tú Rikers ká ló kó gbogbo wọn jọ sórí Rikers. Ní 2021, èèyàn 16 ló kú lọ́wọ́ àwọn wọ́dà tàbí kété tí wọ́n tú wọn sílẹ̀. Ní 2022, 19.

Àwọn ará Manhattan gbé ìlú lọ sílé ẹjọ́, adájọ́ kan dá wọn láre ní 2020, ilé ẹjọ́ tó ga ju ìyẹn lọ dá a nù ní 2021. Wọ́n ti sún ọjọ́ òpin láti 2026 sí ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 2027. Ní 2021 káńsù tún ṣe òfin mìíràn tó sọ pé kí wọ́n gba ilẹ̀ Rikers lọ́wọ́ àwọn wọ́dà, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣeé fi ṣe iná oòrùn àti ibi tí wọn yóò ti máa fọ omi ìdọ̀tí. Nígbà tí Eric Adams di mẹ́yọ̀ ní 2022, ó ní ìlú nílò ètò kejì. Ètò kejì náà kò hàn síta. Ohun tó hàn ni pé iye bẹ́ẹ̀dì padà gòkè: láti 886 lọ sí nǹkan bí 1,040 nínú ilé kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 4,160. Nínú ilé kan náà, lórí ilẹ̀ kan náà. Ibi tí wọ́n ti ṣèlérí àyè fún ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ti wá.

Ẹnu káńsù àti mẹ́yọ̀ wà lórí ìyẹn nígbà tí adájọ́ ìjọba àpapọ̀ dá sí i. Láti 2015 ni ìlú ti tọwọ́ bọ̀wé níwájú ilé ẹjọ́ àpapọ̀ pé òun yóò dín ìyà tí àwọn wọ́dà fi ń jẹ èèyàn kù. Ní oṣù Kọkànlá 2024, Adájọ́ Laura Taylor Swain sọ pé ìlú ti tàpá sí àṣẹ ilé ẹjọ́. Ní oṣù Karùn-ún 2025, ó pàṣẹ pé kí wọ́n yan alábòójútó láti ìta, ẹni tí kò ní jẹ́ ìránṣẹ́ mẹ́yọ̀, tí yóò sì ní agbára lórí bí wọ́n ṣe ń lo òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Káńsù ń bá mẹ́yọ̀ jà lórí ilé tí kò tíì sí, èyí tó wà ti ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Wọ́n tún pe Lippman padà ní 2023. Ìgbìmọ̀ rẹ̀ gbé ìwé tuntun jáde ní oṣù Kẹta 2025, ó sọ ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀, pé 2027 kò lè ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tó pọ̀ jù nínú ìwé náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ bíríkì. Ó ní kí ẹjọ́ yára. Ó ní kí wọ́n wá bẹ́ẹ̀dì sí ilé ìwòsàn fún àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé, nítorí ó ju ìdajì àwọn tó wà ní Rikers lọ tó ní àìsàn ọpọlọ irú kan tàbí òmíràn. Gbogbo ohun tó kà sílẹ̀ yẹn ni kò sí nínú ìwé tí wọ́n dìbò lé lórí ní 2019, nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ìwé yẹn, ọ̀nà tí ilẹ̀ ń gbà sì ni wọ́n fi gbé e.

Bí gbogbo agbaṣẹ́ṣe bá parí sí àkókò wọn, tí irú rẹ̀ kì í sì í sábà ṣẹlẹ̀, ìlú yóò ní bẹ́ẹ̀dì 4,160 ní 2032. Bí iye èèyàn bá sì wà níbi tó wà ní 2025, ó lé ní 2,500 tí kò ní rí ibi sùn. Òfin kò gbà kí wọ́n wà lórí Rikers. Ilé tó wà ní Atlantic Avenue ni yóò kọ́kọ́ parí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.